Bàbá Oníkọfí Kú, Mi Ò Sin Ín Dáadáa

Kò sí òǹkọ̀wé tí wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Kabba bíi tèmi. Bí Sọ́ńdè bá ti dé, tí ìsìn bá ti parí, odindi ẹgbẹ́ akọrin ló ń jókòó sí fàráńdà ilé wa kí wọ́n lè gbọ́ ìtàn tí mo kọ. Obìnrin mẹ́fà ni ẹgbẹ́ akọrin ọ̀hún. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá mi. Òun ló ń ka ìtàn náà fún wọn, òun náà ló ń din ẹran fún wọn, mi ò sì lè búra pé kì í ṣe ẹran yẹn ni wọ́n ń dúró dè.

Mo tún lọ sí yunifásítì. Ọdún méjì ni mo lò níbẹ̀. Èmi àti ilé-ìwé jọ fẹnu kò pé kí kálukú máa bá tiẹ̀ lọ. Ilé-ìwé ló kọ́kọ́ dá a lábàá. Kó tó dìgbà yẹn mo ti pa iṣẹ́ télọ̀ tì, mo ti pa gìtá ṣọ́ọ̀ṣì tì, mo ti pa ọmọbìnrin kan ní Ògìdì tì, àbí òun ló pa mí tì. Bí mo ṣe wá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ bi ìyá mi. Ó ti jẹ́rìí rẹ̀ nínú ìjọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rí náà sì ń gùn sí i ni.

Ní Kabba, o ò lè gba iwájú ilé ẹni kọjá láì sọ pé "okun o". Bí o bá gbàgbé, wọ́n á lọ bi ìyá ẹ bóyá ara ẹ ò yá. Láàárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jáde nílùú òyìnbó, mo kí bàbá kan ní ibùdókọ̀, mo tiẹ̀ tẹ̀ ba díẹ̀ nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Bàbá náà fọwọ́ kan àpò rẹ̀, ó ń wò ó bóyá pọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kò pé oṣù kan, èmi náà ti ń fọwọ́ kan àpò bí ẹnikẹ́ni bá kí mi. Béèyàn ṣe ń kọ́ àṣà ìlú onílùú nìyẹn.

Lọ́ńdírì ńlá kan ni mo ti ríṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn ilé ìwòsàn. Búláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi mí sí. Á jáde gbígbóná látinú ẹ̀rọ, èmi á di etí rẹ̀ méjèèjì mú, n á ká a, n á tò ó, òmíràn á ti jáde. Lóde, òtútù ń pa mí. Nínú ilé, ooru ń sè mí. Mo wá dà bí iṣu tó jinná lápá kan. Mi ò gba súpáfáísọ̀ wa gbọ́ nítorí gbogbo ìgbà ló máa ń rẹ́rìn-ín. Mi ò gba ẹni tá a jọ ń gbé gbọ́ nítorí kì í rẹ́rìn-ín rárá.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò fura sí láyé ni ìyá ìyá mi. Màmá là ń pè é. Ọmọ Òkè-Bùkún ni, ilẹ̀ Bùnù, òun ló sì tọ́ mi dàgbà. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, ọ̀dọ̀ Mọ́mì, ìyá mi, ní Kabba ló ń gbé. Ṣùgbọ́n Màmá ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"O jẹun?"

"Mo jẹun, Màmá."

"Kí lo jẹ?"

"Búrẹ́dì."

"O ò tíì jẹun."

Ó parí nìyẹn. Á dá fóònù padà fún Mọ́mì. N á wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, n á máa wo búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ kan, kó tó dá fóònù padà, mo sáré sọ fún un pé bàbá kan wà tó ní oko kọfí, ìyàwó àgbà rẹ̀ sì bo nǹkan mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi kọfí kan.

"Kí ló bò mọ́lẹ̀?" ni Màmá bi mí.

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ìgbà wo lo máa mọ̀?"

Bí mo ṣe di òǹkọ̀wé nìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í jẹ́ kí ìtàn délé bí mo bá ń fẹnu sọ ọ́, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní àkókò bíréèkì, tí mo ń fi í ránṣẹ́ sí Wasáàpù Mọ́mì. Nínú ilé yẹn, fóònù Mọ́mì nìkan ló lè gba irú ẹ̀. Ojú fóònù náà ló ti ń kà á sókè. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é nígbà tó ń kà á lọ́wọ́, ìpè á bo gbogbo ọ̀rọ̀, fàráńdà á sì máa pòṣé.

Ìtàn ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, kò sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìbejì tí wọ́n pààrọ̀ ní ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, májèlé wà nínú ọbẹ̀, ìwé ogún sọnù, ìyàwó kékeré ń sunkún lójú, ó ń rẹ́rìn-ín níkùn. Ní apá kejì, kí inú Màmá lè dùn, mo ní ọmọ Òkè-Bùkún ni Bàbá Oníkọfí. Ní apá keje, ìyàwó kékeré já bọ́ látorí àtẹ̀gùn, ó dákú. Ilé tí mo kó wọn sí látìbẹ̀rẹ̀ kò lókè. Ilé ilẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Mọ́mì náà. Mo kọ ibì kan tí àkọ́bí Oníkọfí ti fẹnu ko àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tí Màmá ń sọ ìtàn náà padà fún mi, ó ní ibi tí àwọn méjèèjì ti kúnlẹ̀ gbàdúrà yẹn wú òun lórí.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ni. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé kó tó wá síbí wá máa ti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo fún un ní fóònù mi kó ka ìtàn náà. Bíréèkì lẹ́yìn bíréèkì, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ó ń kà á, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Lọ́jọ́ tó kà á tán, ó nu ojú fóònù pẹ̀lú apá aṣọ rẹ̀.

"Gúgúrú ni," ni Àǹtí wí.

"Kí ni gúgúrú, mà?"

"Ìtàn ẹ. Ó ń dún lẹ́nu, kò dé ikùn. Gbogbo irú ìtàn báyìí, bákan náà ni wọ́n. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ."

"Apá mélòó lẹ kà, Àǹtí?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Méjèèjìlélógún?"

"Ṣé mo lè dájọ́ ohun tí mi ò kà?"

"Tí ọbẹ̀ bá ti kan, ṣé èèyàn máa ń lá ìdí ìkòkò kó tó mọ̀ ni?"

"Mò ń wá ibi tó ti máa dùn ni." Ó na fóònù sí mi. "Àti pé ilé yẹn ò lókè."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ti dáwọ́ lé láyé, ìtàn yìí nìkan ni mi ò tíì pa tì. Bó bá wá jẹ́ gúgúrú, á jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo tí mo fara dà á ṣe, pàǹtí ni. Mo gbìyànjú láti bá Àǹtí jiyàn nínú ọkàn mi, níbi tí kò ti lè dá mi lóhùn. Mo ní gúgúrú tó jóná wà, èyí tí kò là wà, èyí tó là dáadáa náà wà. Ẹni tó bá ní bákan náà ni gbogbo wọn, kò tíì jẹ èyí tó jóná. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Mo wá rántí pé ẹni tó ń ta gúgúrú ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ta ni kí n wá bi? Àwọn ará ilé? Látìgbà tí mo ti kúrò nílé, kò sí ohun tí mo ṣe tí kò dáa lójú wọn. Mo ya fọ́tò nínú kóòtù ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ gbà mí. Mo wúkọ́ sínú fóònù, ẹgbẹ́ akọrin ní ohùn mi ti ń jọ ti òyìnbó. Ẹni tó bá wà lókè òkun, àwọn tó kù nílé kì í wo ohun tó ṣe, ibi tó ti ṣe é ni wọ́n ń wò. Èmi tí wọ́n ń pè ní olódo nígbà tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣé inú bàálù ni ọpọlọ ti wọ̀ mí lórí?

Ni mo bá dẹ pàkúté fún wọn. Ní bíréèkì kan ṣoṣo, kí tíì mi tó tutù, mo pa Bàbá Oníkọfí. Mi ò fún un láìsàn. Ó ń jẹ iyán, ó kú. Mo kọ ọ́ pé: "Wọ́n fi aṣọ funfun kan wé e, wọ́n sin ín, kálukú padà sílé." Mo gbé ìyàwó kékeré lọ sí Dubai, mi ò sọ ohun tó lọ ṣe níbẹ̀. Mo fi í ránṣẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín bí olè tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ohùn Mọ́mì wọlé. "O káre, ọmọ mi. Ó dùn gan-an. Olúwa á túbọ̀ máa tì ẹ́ lẹ́yìn." Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ akọrin fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́, oníkálukú mẹ́ta mẹ́ta.

Ó tán. Kóòtù ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Mi ò kọ nǹkan kan lọ́sẹ̀ yẹn. Mo kó ìtàn náà lọ síbi tí télọ̀, gìtá àti yunifásítì wà.

Nígbà tí Sọ́ńdè mìíràn pé, mo pe ilé.

"Màmá dà, Mọ́mì?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ gbé fóònù fún un."

Mo gbọ́ adìyẹ kan. "Ó ní òun ò gbà á."

"Kí ló ṣe é?"

"Má dá a lóhùn, àgbà ni. Ó ní kí n má ka ìtàn ẹ fún òun mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, látìgbà tí Oníkọfí ti kú. Mi ò fẹ́ kó bà ẹ́ lọ́kàn jẹ́ ni mi ò ṣe sọ."

Ẹ gbọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn. Ẹnì kan wà tí kò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yìn náà ni àyà mi já. Nítorí ẹni yẹn gan-an ni mo ṣe ń kọ ọ́. Bí Màmá ò bá gbọ́ ìtàn mọ́, a tún máa padà sórí búrẹ́dì.

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Mọ́mì. Ẹ ní mo dọ̀bálẹ̀."

"Ṣé o dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni tá a jọ ń gbé ṣílẹ̀kùn, ó wò mí, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́, Màmá gba fóònù. Bùnù ló fi bá mi sọ ọ́. Mo ń tún un sọ báyìí kó lè yé gbogbo èèyàn.

"Ta ló sin Oníkọfí?"

"Àwọn ọmọ rẹ̀ ni, Màmá. Ìtàn ṣá ni."

"Mo mọ̀ pé ìtàn ni. Ojú mi ló fọ́, orí mi ò fọ́. Ta ló sin ín?"

Mo dìde jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ọkùnrin tí oko rẹ̀ dé odò, tó bí ọmọ méje, tó darúgbó kó tó lọ. O ní ọmọ Òkè-Bùkún ni, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ìyá ẹ wá ń kà á fún mi pé aṣọ funfun kan ni wọ́n fi wé e. Ìpò rẹ̀ ńkọ́?"

Ìpò ni aṣọ pupa táwọn ará Bùnù fi ń bọlá fún òkú àgbà. Bí wọ́n bá gbé ìpò síta, ẹni tó bá ń kọjá lọ mọ̀ pé ẹni ńlá ló kú. Àgbà tí wọ́n bá sin láìsí ìpò, àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa ń tẹrí ba rìn láàárín ìlú. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Mo gbàgbé ni, Màmá."

"O ò gbàgbé. O ń kánjú. Mo gbọ́ ọ nínú ọ̀rọ̀ ẹ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń gbé òkú ajá jù sígbó."

"Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ìyàwó kékeré ti já bọ́ látorí àtẹ̀gùn, ẹ ò bínú. Ilé yẹn ò lókè, Màmá."

"Mo mọ̀. Mo rò pé o máa kọ́ òkè náà tó bá yá."

Ó dá fóònù padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo di búláńkẹ́ẹ̀tì kan mú níbi iṣẹ́, mi ò ká a. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Màmá máa ń sọ pé láyé ìgbà ìyá òun, inú búláńkẹ́ẹ̀tì pupa ti ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń tú lára òwú tí wọ́n fi ń hun ìpò. Wọ́n á tú u fọ́nrán fọ́nrán, wọ́n á tún un hun, ó di aṣọ tí ọba ń dìde fún. Mo wá etí èyí tó wà lọ́wọ́ mi, mo fa òwú kan. Ó ń bọ̀. Mo fà á sí i.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ń wò mí láti ìdí ẹ̀rọ tiẹ̀. Nígbà bíréèkì mo sọ ọ́ fún un.

"Àǹtí, búláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tú tó fi di ìpò."

"A gbọ́ bẹ́ẹ̀ ní Gbẹ̀dẹ̀ náà."

"Kò sì sẹ́ni tó ń bi ìpò pé níbo ni òwú ẹ̀ ti wá. Ẹ̀n-ẹ́n, fíìmù tí gbogbo ayé ti wò ni mo tú tí mo fi ń hun ìtàn tèmi."

"Ta ló bá ẹ jà lórí òwú? Ìhun ni mò ń wò. Apá tó o hun gbẹ̀yìn yẹn, ihò pọ̀ nínú ẹ̀."

Mo ti fi apá kẹtàlélógún hàn án, kó lè mọ̀ pé gúgúrú tó jóná wà. "Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ní bákan náà ni gbogbo wọn."

Ó jẹ bísíkíìtì rẹ̀ tán. "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi nígbà tí mo ka èyí. Inú ò bí mi sí méjìlélógún tó kù. Má bi mí léèrè ìdí ẹ̀, bíréèkì ti tán."

Mo fura sí ìyẹn náà. Mo rò pé ó ń ṣàánú mi.

Ibi tí mo tún ti ń fa òwú ni súpáfáísọ̀ ti bá mi, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀. Ó bi mí kí ló ṣẹlẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé bàbá àgbà kan kú nílé, a ò sì sin ín dáadáa. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ojú rẹ̀ gan-an. Ó fún mi ní ọjọ́ méjì. Mo lérò pé èmi nìkan ni mo gba ààyè ọ̀fọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹni tí mo fọwọ́ ara mi pa.

Mo fi ọjọ́ méjèèjì sin Bàbá Oníkọfí. Mo ránṣẹ́ sí Màmá pé kó sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an. Mọ́mì ní kí n gbọ́ èsì rẹ̀: ṣé òun lòun ń kọ ọ́ ni? Ni mo bá wá a lórí ara mi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n sin ọkọ Màmá ní Òkè-Bùkún. Ohun tí mo rántí ò pọ̀. Mo rántí ẹsẹ̀ àwọn àgbà, àti nǹkan pupa tó ń kọjá lókè orí wọn. Obìnrin kan tẹ̀ mí ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, mo bú sẹ́kún, ẹkún mi sì ga ju ti gbogbo ilé lọ. Wọ́n gbé mi sókè, wọ́n ní ẹ wo ọmọ yìí, ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ìyìn àkọ́kọ́ tí mo gbà láyé nìyẹn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló sì fà á. Bóyá ibẹ̀ ni ìfura mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fi ọmọ yẹn sínú ìtàn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀. Mo fi aṣọ pupa náà kọjá lókè orí rẹ̀. Mo dá ìyàwó kékeré padà láti Dubai. Kí wọ́n tó gbé òkú jáde, mo ní òkè tí Bàbá ń kọ́ sílé rẹ̀ látìgbà tó ti ṣe ìgbéyàwó kejì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n sì gba orí àtẹ̀gùn gbé e sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ méjì yẹn, mi ò sí ní yàrá mi nílùú òyìnbó, mi ò sì sí ní Kabba. Ibi tí mo wà, wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀, wọ́n sì ń kí mi.

Mo fi í ránṣẹ́ ní Sọ́ńdè, ní déédéé ìgbà tí ìsìn ń parí. Mo rí i pé Mọ́mì ti ṣí i. Mo dúró. Kò sí ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́. Mo tún dúró. Mo rò ó pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo rò ó pé Mọ́mì ti fo ibi ìsìnkú, ó ti fi àdúrà dí i. Mo rò ó pé Màmá ti dìde kúrò ní fàráńdà. Mo pè. Wọ́n gé e. Mo tún pè, wọ́n tún gé e. Lẹ́ẹ̀kẹta wọ́n gbé e. Mi ò gbọ́ ìró epo, kò sí ẹran lórí iná. Mi ò gbọ́ ẹnikẹ́ni.

"Mọ́mì, ṣé wọ́n ti sin ín?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e sọ̀kalẹ̀ ni."

"Màmá ńkọ́?"

"Ó wà níbí."

"Ẹ bi í léèrè fún mi. Ṣé ó dáa, àbí kò dáa? Kó má torí pé mo wà níbí purọ́ fún mi."

Mo gbọ́ tí fóònù ń bọ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì, títí mo fi gbọ́ mímí rẹ̀.

"Màmá, ṣé ó dáa?"

"Inú fóònù yìí la ti ń kà á," ni Màmá wí. "Gbé e sílẹ̀."